“Iṣẹ́ Díẹ̀ Ló Kù Lára Rẹ̀”: Bí A Ṣe Lè Díye Lé Píkọ́ọ̀pù Àtijọ́ Kí A Tó Sanwó

Ẹni tó bá mọ Ṣómólú dáadáa mọ̀ pé bébà ló ń gbé àdúgbò náà ró. Láti òpópónà Shipeolu wọ àwọn ojúlé tó yí i ká, ẹ̀rọ ìtẹ̀wé ló ń ké láàárọ̀, òun náà ló ń ké lálẹ́. Ohun tí èèyàn kì í sábà rò ni bí bébà ṣe wúwo tó. Rímù kan tí ojú bébà rẹ̀ jẹ́ 61 sí 86 sẹ̀ǹtímítà, oníwọ̀n 80 gíráàmù, á wọ̀n tó kílò 21. Àádọ́ta irú rẹ̀ ti ju tọ́ọ̀nù kan lọ. Ìdí nìyí tí bàbá mi, tí wọ́n ti ń tẹ̀wé ní Ṣómólú kí n tó dáyé, fi ń wá píkọ́ọ̀pù Peugeot 504 tí wọ́n lè rà ní pọ́ọ́kú, kí wọ́n sì tún un ṣe díẹ̀díẹ̀. Owó àjọ ìyá mi wà nínú owó náà, torí náà kò sí àyè fún àṣìrà.

Mo tẹ̀ lé wọn lọ wo méjì, ọ̀kan ní Bàrígà, ọ̀kan ní Ṣómólú níbí. Mẹkáníìkì wa ń gbọ́ ohùn ẹ́ńjìnnì, èmi ń gbọ́ ẹnu ẹni tó ń tà á. Ohun tí mo fẹ́ bá yín sọ ni pé gbólóhùn kọ̀ọ̀kan tí olùtajà bá sọ ní ohun tó yẹ kí ẹ fojú rí tàbí kí ẹ fọwọ́ kàn lọ́jọ́ náà gan-an. Èyí tí ẹ kò bá lè fojú rí, ẹ yọ owó rẹ̀ kúrò nínú iye tí ẹ fẹ́ san.

Ẹ jẹ́ kí n sọ díẹ̀ nípa ọkọ̀ náà. Ọdún 1968 ni Peugeot gbé 504 jáde, píkọ́ọ̀pù rẹ̀ dé ní 1979. Láàárín ìgbà náà, ní 1975, wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í to 504 pọ̀ ní Kàdúná. Ìyẹn ló jẹ́ kí mẹkáníìkì àgbàlagbà ní àdúgbò wa mọ̀ ọ́n bí ẹni mowó. Lókè òkun, àwọn tó ń kó ọkọ̀ àtijọ́ jọ á sanwó gọbọi nítorí ọ̀dà àkọ́kọ́ tí kò tíì ṣí. Ní Ṣómólú, ẹrù tó lè gbé ni iye rẹ̀.

Gbólóhùn tí a kọ́kọ́ gbọ́ ní Bàrígà ni, “Iṣẹ́ díẹ̀ ló kù lára rẹ̀.” Ẹ̀yin tí ẹ ti ka H. P. Grice, ẹni tí àpilẹ̀kọ rẹ̀ lórí ọgbọ́n ìtàkùrọ̀sọ jáde ní 1975, ẹ mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ níbẹ̀. Olùgbọ́ máa ń gbà pé ẹni tó ń sọ̀rọ̀ ti sọ ìwọ̀n tó yẹ kóun mọ̀, ibi tí ọ̀rọ̀ bá sì kù sí, á fi tirẹ̀ kún un. “Díẹ̀” kò ní òṣùwọ̀n. Olùtajà kò purọ́, àwa la fi owó kékeré sí ibi tí òun kò fi nǹkan kan sí. Ẹ ní kó dárúkọ iṣẹ́ náà lọ́kọ̀ọ̀kan: ṣé ti panẹ́ẹ̀lì bítà ni, àbí ti rewáyà, àbí ti mẹkáníìkì? Bó bá sì kéré lóòótọ́, kí ló dé tí òun fúnra rẹ̀ kò tíì ṣe é? Bàbá mi fẹ́ràn ìbéèrè tó kẹ́yìn yìí gan-an. Ìdákẹ́jẹ́ ló sábà ń tẹ̀ lé e.

Lẹ́yìn náà ni “Ó máa ń sítáàtì.” Ẹ wo “máa ń” yẹn. Ibá-ìṣẹ̀lẹ̀ bárakú ni, kò sì sọ nǹkan kan nípa òwúrọ̀ òní. Ẹ fọwọ́ kan bọ́nẹ́ẹ̀tì kí ẹnikẹ́ni tó fọwọ́ kan kọ́kọ́rọ́. Bó bá ti gbóná, ẹnì kan ti jí ọkọ̀ náà kí ẹ tó dé. Ẹ́ńjìnnì tútù ni kí wọ́n sítáàtì lójú yín, kí ẹ sì lọ dúró lẹ́yìn. Èéfín aláwọ̀ búlúù ń sọ pé ẹ́ńjìnnì ń jẹ ọ́ìlì. Dúdú ń sọ pé epo ti pọ̀ jù. Bó bá funfun tí kò sì lọ bọ̀rọ̀, tí omi rédíétọ̀ náà sì ń dín, ẹ fura sí tọ́ọ̀pù gásíkẹ́ẹ̀tì. Ẹ ṣí ìdérí ọ́ìlì: bí abẹ́ rẹ̀ bá rí bí ògì tí wọ́n bu mílíìkì sí, omi ti wọ inú ọ́ìlì. Alumínióòmù ni tọ́ọ̀pù sílíńdà ẹ́ńjìnnì oní-pẹtiróòlù 504, bí wọ́n bá sì ti jẹ́ kó gbóná jù rí, ó lè ti tẹ̀.

“Bátìrì nìkan ló kú” sàn ju ìyẹn lọ. Gbólóhùn alátẹnumọ́ ni, ó ti yọ gbogbo ẹ̀ṣẹ̀ yòókù sílẹ̀, ó sì rọrùn láti dán wò. Ẹ gbé bátìrì tó dára dání. Bí ẹ kò bá ní, kí mẹkáníìkì tú plọ́ọ̀gì, kó sì fi sípánà yí ẹ́ńjìnnì láti iwájú. Èyí tó bá ti nọ́ọ̀kì kò ní mì.

Ṣùgbọ́n èyí tó léwu jù ni, “Wọ́n ti tún abẹ́ rẹ̀ ṣe.” “Wọ́n” yìí lè jẹ́ ọ̀pọ̀ èèyàn, ó lè jẹ́ àgbàlagbà kan tí a bọ̀wọ̀ fún, ó sì lè má tọ́ka sí ẹnikẹ́ni rárá, bí ìgbà tí a bá ní “wọ́n ti mú iná.” Bàbá mi béèrè pé, “Ta ni wọ́n?” Ó dáhùn pé, “Wọ́n ṣe é ni, sà.”

Ẹ dùbúlẹ̀ sábẹ́ ọkọ̀. Irin gígùn méjì ló gbé ẹ̀yìn píkọ́ọ̀pù ró, àwọn sípíríǹgì pẹlẹbẹ tó léra wọn sì so mọ́ wọn. Orí ibẹ̀ ni tọ́ọ̀nù bébà yẹn máa jókòó lé. Ẹ́ńjìnnì tó bàjẹ́ ṣeé pààrọ̀, irin tó ti jẹrà lábẹ́ ẹrù lè pààyàn. Ní Bàrígà, ẹ kọ́kọ́ béèrè bóyá ọkọ̀ náà ti kó iyanrìn rí. Létí ọ̀sà níbẹ̀, wọ́n ń wa iyanrìn láti inú omi, omi ọ̀sà Èkó sì máa ń níyọ̀ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Iyanrìn tútù lẹ́yìn ọkọ̀, omi oníyọ̀ tó ń ro sísàlẹ̀ lójoojúmọ́, kò sí irin tí kò ní dógùn-ún. Ẹ fi òòfà kékeré wọ́ ara ọkọ̀, pàápàá ìsàlẹ̀ ilẹ̀kùn àti etí táyà. Ibi tí kò bá ti lẹ̀ mọ́ ọn, bọ́dì fílà ni wọ́n fi dí ihò. Ọ̀dà píkọ́ọ̀pù Bàrígà yẹn ń dán gbinrin. Nígbà tí mẹkáníìkì wa fi sukudiráfà ti irin apá òsì, ó wọlé bí ẹni gún ẹ̀kọ. Bàbá mi gbọn eruku aṣọ wọn, wọ́n kí i pé ó kú iṣẹ́, a sì máa lọ.

Ti Ṣómólú kò dán rárá, àmọ́ irin rẹ̀ le. Ìgbà náà la wá jókòó ṣírò. Mo fi iye àfiṣàpẹẹrẹ ṣe é níhìn-ín. Ká ní irú rẹ̀ tó ti ń ṣiṣẹ́ dáadáa ń lọ ní ₦3,000,000. Panẹ́ẹ̀lì àti ọ̀dà á gba ₦700,000, ẹ́ńjìnnì ₦450,000, táyà àti bíréèkì ₦400,000, rewáyà ₦150,000. Àpapọ̀ iṣẹ́ jẹ́ ₦1,700,000, ó ku ₦1,300,000. Ẹ tún yọ ìdá mẹ́rin iye iṣẹ́ náà, ₦425,000, fún ohun tí ojú kò tíì tó. ₦875,000 ló kù tí ẹ lè san. Ẹ kò sì tíì ka owó ọkọ̀ tí ẹ máa háyà láàárín oṣù tí ó fi wà lọ́dọ̀ mẹkáníìkì. Bí olùtajà bá ní òun ti ná mílíọ̀nù méjì sí i, ẹ bá a kẹ́dùn. Owó tó ná kọ́ ni ẹ ń rà.

Ní 1970, George Akerlof ará Amẹ́ríkà kọ̀wé lórí ọjà àlòkù ọkọ̀, òun àti àwọn méjì mìíràn sì jọ gba ẹ̀bùn Nobel ní 2001. Àlàyé rẹ̀ ni pé olùtajà mọ inú ọkọ̀, olùrà kò mọ̀ ọ́n. Olùrà á wá máa ná gbogbo ọkọ̀ bíi pé ó bàjẹ́, ẹni tí tirẹ̀ dára á sì gbé e padà sílé. Èmi gbà pé ẹni tó bá jẹ́ kí ẹ tú plọ́ọ̀gì, kí ẹ dùbúlẹ̀ sábẹ́, kí ẹ sì padà wá lọ́jọ́ kejì, yẹ kó gba owó díẹ̀ sí i lọ́wọ́ yín. Ìyẹn ni bàbá mi ṣe fi nǹkan lé iye tí ìṣirò fi hàn fún oní-Ṣómólú.

Ó ku ìwé, òun ló sì lè sọ gbogbo rẹ̀ dòfo. Nọ́ńbà ṣáásí àti ti ẹ́ńjìnnì, ẹ kà á lára irin, kí ẹ tó wá fi wé ti ìwé. Wọ́n lè ti pààrọ̀ ẹ́ńjìnnì irú ọkọ̀ báyìí láìtún ìwé ṣe, ẹni tí ọkọ̀ bá wà lọ́wọ́ rẹ̀ sì ni ọlọ́pàá máa bi. Olùtajà ni kó tún ìwé náà ṣe kí owó tó kúrò lọ́wọ́ yín. “Ìwé rẹ̀ pé” ni oní-Ṣómólú sọ fún wa. Ó pé lóòótọ́, àmọ́ ti ẹ́ńjìnnì mìíràn ni. Bàbá mi ní kó lọ tún un ṣe, ó sì ní òun máa mú un wá lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀.