Kọ̀ǹpútà Nínú Ilé: Bí Òbí Ṣe Lè Fi Kọ́ Ọmọ

A kò lè gbàgbé ọjọ́ 23 oṣù kẹta, ọdún 2020, nígbà tí Ìjọba Ìpínlẹ̀ Èkó ti gbogbo ilé-ìwé pa nítorí àrùn kòrónà. Ní Ọ̀jọ́, ní Ìbà, ní Okokomaiko àti ní Ìyànà-Ìbà, inú ilé ni àwọn ọmọ wà. Ìjọba gbé ẹ̀kọ́ sórí rédíò àti tẹlifíṣọ̀n. Oṣù kẹjọ ni àwọn kíláàsì àṣekágbá tó kọ́kọ́ padà. Nígbà náà ni ọ̀pọ̀ òbí rí i pé ọmọ lè ní kọ̀ǹpútà níwájú, kí ó má sì rí ẹ̀kọ́ kankan kọ́ nínú rẹ̀, bí àgbà kò bá jókòó tì í.

Kíkẹ́kọ̀ọ́ láti inú ilé kì í ṣe ohun titun láàárín wa. Ẹ̀kọ́ tí a ń fi lẹ́tà ránṣẹ́ ni Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ fi gba oyè B.Com. ti Yunifásítì London ní ọdún 1944, láì kúrò ní Nàìjíríà. Iṣẹ́ tí lẹ́tà ṣe nígbà náà ni kọ̀ǹpútà ń ṣe lónìí. Ní Amẹ́ríkà, ní ọdún 2004, Salman Khan bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ ọmọ ìbátan rẹ̀, tí ó ń gbé ìlú mìíràn, ní ìṣirò láti ọ̀nà jíjìn. Láti inú èyí ni Khan Academy ti jáde, tí ó ń fi ẹ̀kọ́ fún ènìyàn lọ́fẹ̀ẹ́.

Ìdí mìíràn tún wà. Láti ọdún 2015, orí kọ̀ǹpútà nìkan ni a ti ń ṣe ìdánwò JAMB. Ìbéèrè 180 ni ọmọ yóò dáhùn ní wákàtí 2, èyíinì ni pé ìṣẹ́jú àáyá 40 ni ó ní fún ìbéèrè kọ̀ọ̀kan. Lẹ́tà 8 péré ni ó nílò: A, B, C àti D láti yan ìdáhùn, N láti lọ sí ìbéèrè tí ó kàn, P láti padà sí èyí tí ó kọjá, S láti fi iṣẹ́ sílẹ̀, R láti padà sẹ́nu iṣẹ́. Ọmọ tí ó jẹ́ pé ọjọ́ ìdánwò ni ó kọ́kọ́ fọwọ́ kan kọ̀ǹpútà yóò máa wá lẹ́tà kiri nígbà tí àkókò ń lọ, bí ó tilẹ̀ mọ ìwé.

Ẹ jẹ́ kí a wo ohun tí òbí lè ṣe.

Èkínní, kọ̀ǹpútà àlòkù tó. Bí ẹ bá lọ rà á ní ọjà Alábà, ẹ tàn án níbẹ̀, ẹ tẹ gbogbo lẹ́tà rẹ̀ wò, ẹ yọ ọ́ kúrò lára iná kí ẹ mọ bí bátìrì rẹ̀ ti lágbára tó, kí ẹ tó sanwó. Ẹ má ṣe gbàgbé ìwé ẹ̀rí owó.

Èkejì, dátà kò ní láti tán owó ọwọ́ yín. Ètò Kolibri àti Kiwix kò gba owó. Bí ẹni tí ó mọ̀ ọ́n bá fi fláàṣì gbé wọn wọlé lẹ́ẹ̀kan, ọmọ lè máa kàwé láìsí íntánẹ́ẹ̀tì.

Ẹ̀kẹta, ẹ gbé kọ̀ǹpútà sí pálọ̀, níbi tí ojú gbogbo ilé wà, kí ẹ sì yan wákàtí fún un.

Ẹ̀kẹrin ni ó ṣe pàtàkì jù. Nígbà tí ọmọ bá parí, kí ó fi bírò kọ ohun tí ó kọ́ sínú ìwé, kí ó sì ṣàlàyé rẹ̀ fún yín ní èdè Yorùbá. Ìyá tí kò mọ ìwé kà lè ṣe èyí. Bí àlàyé ọmọ bá ń dàrú, ó yẹ kí ó padà kà á.

Kọ̀ǹpútà kò gba ipò ilé-ìwé o. Òfin ẹ̀kọ́ ọdún 2004 fi dandan lé e pé kí òbí rí i pé ọmọ òun parí ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ àti ọdún mẹ́ta àkọ́kọ́ ní ilé-ìwé gírámà. Ṣùgbọ́n ilé ni a ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde.

Ìbéèrè fún ìjíròrò:
1. Kí ni lẹ́tà 8 tí ọmọ nílò fún ìdánwò JAMB, kí sì ni iṣẹ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan?
2. Báwo ni òbí tí kò kàwé ṣe lè mọ̀ bóyá ẹ̀kọ́ ti yé ọmọ rẹ̀?