Ọ̀pá Gehasi àti Aláǹgbá Tọ́lá

Ibi kíkà: II Àwọn Ọba 4:8–37
Ẹsẹ àkọ́sórí: II Àwọn Ọba 4:30

Ẹ̀kọ́ wa ní oṣù mẹ́ta yìí dá lórí ìtọ́jú ọmọ, ṣùgbọ́n ibi tí a fẹ́ gbé e gbà lè ya àwọn àgbà inú wa lẹ́nu díẹ̀, nítorí láti inú katúùnù ni a ó ti bẹ̀rẹ̀. Ẹ fara balẹ̀, a ó dé inú Bíbélì láìpẹ́.

Ní ọjọ́ 28 oṣù Kejì, ọdún 2024, ilé-iṣẹ́ Disney ti Amẹ́ríkà gbé katúùnù alápá mẹ́fà kan jáde. Iwájú ni orúkọ rẹ̀. Àwọn ọ̀dọ́ ilẹ̀ Áfíríkà tí wọ́n dá ẹgbẹ́ Kugali sílẹ̀ ni wọ́n jọ ṣe é, ọmọ Nàìjíríà kan, Olúfikáyọ̀ Adéọlá, ni ó sì darí rẹ̀. Èkó ni ìtàn náà ti ṣẹlẹ̀, Èkó ti ọjọ́ tí ń bọ̀, níbi tí ọkọ̀ ti ń fò lókè. A kó ara wa jọ láti wò ó nítorí pé àwọn ọmọ Ilé-ẹ̀kọ́ Ọjọ́ Ìsinmi kò jẹ́ kí a gbádùn, òun ṣáá ni wọ́n ń sọ.

Ọmọbìnrin ọmọ ọdún 10 kan, Tọ́lá, ni ìtàn náà dá lé. Ọmọ olówó ni, apá Island ni wọ́n ń gbé. Túndé, bàbá rẹ̀, jẹ́ ọ̀gá nínú iṣẹ́ ẹ̀rọ. Ó fẹ́ràn ọmọ rẹ̀ púpọ̀, ṣùgbọ́n iṣẹ́ kì í jẹ́ kí ó ráyè gbọ́ tirẹ̀. Ó wá fún ọmọ ní ẹran ọ̀sìn kan tí ń jẹ́ Otin. Ẹ̀yin ìyá, aláǹgbá ni Otin! Aláǹgbá bí irú èyí tí ń mi orí lára ògiri wa, àfi pé kò ní ẹ̀mí. Ẹ̀rọ ni, róbọ́ọ̀tì ni àwọn ọmọ ń pè é. A máa bá Tọ́lá ṣeré bí ajá ti í bá olówó rẹ̀ ṣeré, ṣùgbọ́n agbára kan fara pamọ́ sínú rẹ̀: bí ewu bá dé, ohun ìṣeré yóò di ẹ̀ṣọ́. Ewu náà sì dé, nítorí ọkùnrin kan tí ń jẹ́ Bọ́dé ń bẹ nínú ìtàn náà, olórí àwọn tí ń jí ọmọ olówó gbé. Tọ́lá tún ní ọ̀rẹ́ kan, Kọ́lé, tí ó fi ara rẹ̀ kọ́ iṣẹ́ ẹ̀rọ láìní olùkọ́. A kò ní sọ bí ó ti parí, kí ẹni tí kò tíì wò ó lè rí i fúnra rẹ̀.

Irú ìtàn bẹ́ẹ̀ kì í ṣe tuntun. Àwọn tí ó jókòó síwájú tẹlifíṣọ̀n NTA ní kékeré yóò rántí Voltron, kìnnìún onírin márùn-ún tí ń para pọ̀ di òmìrán kan. Japan ni wọ́n ti ṣe é ní ọdún 1981, kí Amẹ́ríkà tó fún un ní orúkọ tí a mọ̀ ọ́n sí. Ní ọdún 1998, àwọn ará Japan kan náà gbé òmíràn jáde, Cyberteam in Akihabara, nípa àwọn ọmọbìnrin ilé-ìwé tí ẹran ọ̀sìn wọn jẹ́ ẹ̀rọ kékeré, tí ń yí padà di jagunjagun obìnrin láti gbà wọ́n sílẹ̀. Ní ọdún 1999, ilé-iṣẹ́ Sony ń ta ajá oníẹ̀rọ gan-an fún ènìyàn. Nígbà tí wọ́n ṣíwọ́ àtúnṣe rẹ̀ ní ọdún 2014, àwọn kan gbé ajá wọn tí ó ti bàjẹ́ lọ sí ilé òrìṣà láti ṣe ìsìnkú fún un. Ẹ má rẹ́rìn-ín. Ọkàn ènìyàn a máa fà mọ́ ohunkóhun tí ó bá ń dá a lóhùn.

Ìbẹ̀rù tí ó bí aláǹgbá Tọ́lá kì í sì í ṣe eré. Ní ọdún 2014, ọmọbìnrin 276 ni wọ́n kó lọ ní Chibok. Ní ọjọ́ 29 oṣù Kejì, ọdún 2016, wọ́n wọ ilé-ìwé kan ní Ìkòròdú, wọ́n gbé ọmọbìnrin mẹ́ta lọ. Ní oṣù Karùn-ún ọdún 2017, ọmọkùnrin mẹ́fà ni wọ́n jí ní ilé-ìwé ìjọba ní Ìgbónlá, lẹ́bàá Ẹ̀pẹ́, ó sì lé ní oṣù méjì kí àwọn ìyá wọn tó fojú kàn wọ́n. Katúùnù tí à ń sọ yìí kò tíì lo ọjọ́ 10 lóde tí wọ́n fi tún kó àwọn ọmọ ilé-ìwé ní Kúrígà, ní ìpínlẹ̀ Kàdúná. Gbogbo wọn padà wálé ní Ìkòròdú àti ní Ìgbónlá, a dúpẹ́. Ti Chibok, ẹ mọ̀ ọ́n.

Àwa tí a ń gbé Ṣómólú àti Bàrígà, a kì í ṣe ará ilé Tọ́lá. Bí a bá dúró sí etí ọ̀sà ní Bàrígà, afárá Third Mainland ni a ń wò, ọkọ̀ àwọn tí ń lọ sí Island ń kọjá lórí rẹ̀ tọ̀sán tòru. Kò sí ẹni tí yóò bá wa ṣe aláǹgbá onírin fún ọmọ wa. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a sọ òtítọ́ láàárín ara wa: a ti ní aláǹgbá tiwa. Fóònù ni.

Ẹ̀yin náà mọ iṣẹ́ ìtẹ̀wé tí a mọ Ṣómólú mọ́. Bí oṣù Kọkànlá bá ti wọlé, kàlẹ́ńdà ni, ìwé ìkórè ni, ìwé ètò ìsìnkú kò sì lọ́jọ́, nítorí ikú kì í wo àsìkò. Àwọn ìyá tí ń ká ìwé, tí ń tò ó, tí ń lẹ̀ ẹ́, kì í délé bọ̀rọ̀. Ọ̀kan nínú wa wà níbẹ̀. Ó fún ọmọ rẹ̀ obìnrin, ọmọ ọdún 9, ní fóònù kékeré kan kí ó lè máa gbọ́ ohùn rẹ̀. Ní wákàtí wákàtí ni ó ń pè é. “Ṣé o ti jẹun?” “Mo ti jẹun, mọ́mì.” “Ṣé o ti ti ilẹ̀kùn?” “Mo ti tì í, mọ́mì.” Ọkàn ìyá balẹ̀. Ó ju oṣù mẹ́rin lọ tí wọ́n fi ṣe bẹ́ẹ̀.

Ní alẹ́ ọjọ́ kan, ẹ̀rọ bàjẹ́, wọ́n ní kí oníkálukú máa lọ sílé. Arábìnrin wa ń bọ̀ lójú ọ̀nà, ó pe ọmọ gẹ́gẹ́ bí ìṣe rẹ̀. Ọmọ dáhùn pé òun wà nínú ilé, òun ti ti ilẹ̀kùn. Ìyá sì ń wò ó bí ó ti ń sọ ọ́! Orí bẹ́ǹṣì ni ọmọ jókòó sí níwájú ṣọ́ọ̀bù ẹni tí ń ṣe irun, láàárín àwọn ọkùnrin tí ìyá kò mọ̀ rí, nítorí pé jẹnẹrétọ̀ ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀, iná sì wà. Nígbà tí ó bi í léèrè ìdí tí ó fi ń purọ́, ohun tí ọmọ sọ ni pé ẹ̀rù òkùnkùn ń ba òun nínú ilé, ṣùgbọ́n òun kò fẹ́ kí mọ́mì máa ronú níbi iṣẹ́. Arábìnrin wa sọ fún wa pé òun ti gbé ọwọ́ sókè láti lu ú, ọwọ́ náà kò lè sọ̀ mọ́.

Ó ti gba àyè kí a tó sọ ọ́ jáde, a sì dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Nítorí ọ̀rọ̀ rẹ̀ ni a fi yan ibi kíkà wa.

Ẹ ṣí Bíbélì yín. Obìnrin ará Ṣunemu yìí kò tọrọ ọmọ. Èlíṣà ni ó ṣèlérí rẹ̀ fún un nítorí inú rere rẹ̀. Ọmọ dàgbà. Ní ọjọ́ ìkórè, ó lọ bá bàbá rẹ̀ lóko, orí sì bẹ̀rẹ̀ sí fọ́ ọ. Kí ni bàbá ṣe? Ó ní kí ọmọ ọ̀dọ̀ gbé e lọ fún ìyá rẹ̀. Àwọn kan nínú wa bínú sí bàbá yìí nígbà tí a kà á. Àwa kò bínú sí i tó bẹ́ẹ̀. Ìkórè ni, àwọn alágbàṣe wà níwájú rẹ̀, kò sì mọ̀ pé ọ̀rọ̀ náà tó báyìí. Ta ni nínú wa tí kò tíì sọ pé “ẹ bá mi gbé e dání ná” rí? Orí ẹsẹ̀ ìyá ni ọmọ wà títí di ọ̀sán, tí ó fi kú.

Obìnrin yìí kò pariwo. Ó tẹ́ ọmọ sórí ibùsùn wòlíì, ó ti ilẹ̀kùn, ó gun kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ lọ sí òkè Kármẹ́lì. Nígbà tí Èlíṣà gbọ́, ó rán Gehasi ìránṣẹ́ rẹ̀ ṣáájú pé kí ó mú ọ̀pá òun, kí ó sáré, kí ó má tilẹ̀ kí ẹnikẹ́ni lọ́nà. (Fún ọmọ Yorùbá, iṣẹ́ ńlá nìyẹn.) Kí ó gbé ọ̀pá náà lé ọmọ lójú. Ọ̀pá wòlíì kì í ṣe ohun yẹpẹrẹ. Èlíṣà kò fi ṣe àrékérekè, ohun tí ó dára tí ó wà lọ́wọ́ rẹ̀ ni ó fi ránṣẹ́, bí Túndé ti fi Otin fún Tọ́lá, bí arábìnrin wa ti ra fóònù pẹ̀lú owó tí kò fi ra bàtà.

Ẹ wá wo ìyá. Ẹsẹ 30 ni kí a kọ́ sórí. Ó búra pé òun kò ní fi Èlíṣà sílẹ̀. Kò tẹ̀ lé ọ̀pá. Ó dúró ti ẹni tí ó ni ọ̀pá, títí Èlíṣà fi dìde tẹ̀ lé e. Gehasi ti dé ibẹ̀, ó ti gbé ọ̀pá lé ọmọ lójú. Kò sí ohùn, kò sí ìró. Ó padà wá sọ pé ọmọ kò jí.

Nígbà tí Èlíṣà fúnra rẹ̀ wọlé, ó ti ilẹ̀kùn, ó gbàdúrà, lẹ́yìn náà ni ó dùbúlẹ̀ lé ọmọ: ẹnu sí ẹnu, ojú sí ojú, ọwọ́ sí ọwọ́. Ara ọmọ bẹ̀rẹ̀ sí móoru. Síbẹ̀ kò tíì tán. Ó dìde, ó rìn síwá sẹ́yìn nínú ilé, ó tún padà sórí ọmọ. Ìgbà náà ni ọmọ sín lẹ́ẹ̀méje, tí ó la ojú. Olúwa ni ó jí i, ṣùgbọ́n kò jí i láti ọ̀nà jíjìn pẹ̀lú ọ̀pá nìkan. Ó fẹ́ kí ẹnìkan sún mọ́ ọn tó bẹ́ẹ̀ tí ooru ara rẹ̀ yóò fi ran ọmọ.

A mọ ohun tí àwọn kan yóò sọ: ṣé kí a fi iṣẹ́ sílẹ̀ ni? Owó ilé-ìwé ńkọ́? Rárá, a kò sọ bẹ́ẹ̀. A tilẹ̀ ní àpẹẹrẹ kan nínú ìjọ Methodist tiwa. Susanna, ìyá John Wesley, bí ọmọ 19, ọ̀pọ̀ nínú wọn sì kú ní kékeré. Ilé wọn jóná ní ọdún 1709, ojú fèrèsé ni wọ́n ti yọ John tí ó jẹ́ ọmọ ọdún 5. Ní ọdún 1712 tí ọkọ rẹ̀ wà ní London, ó kọ ìwé sí i, ó sì ṣàlàyé bí ó ti pín alẹ́ ọ̀sẹ̀ fún àwọn ọmọ láti bá wọn sọ̀rọ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ọjọ́bọ̀ ni ti John, Sátidé ni ti Charles. Kò ní gbogbo ọjọ́ láti fún ọmọ kọ̀ọ̀kan, alẹ́ kan ni ó ní, ṣùgbọ́n ọmọ mọ̀ pé alẹ́ náà, tòun ni.

Arábìnrin wa ti Ṣómólú kò fi iṣẹ́ sílẹ̀. Ìyá àgbà kan nínú kíláàsì rẹ̀, tí ilé rẹ̀ kò jìnnà, ni ó ń gba ọmọ náà láti agogo mẹ́rin. Wọ́n jọ ń ṣa ẹ̀wà, wọ́n jọ ń gbọ́ rédíò. Fóònù ṣì wà lọ́wọ́ ọmọ, a kò gbà á. Ìyá rẹ̀ sì ti gba ààyè lọ́wọ́ ọ̀gá rẹ̀ pé ní Ọjọ́rú, agogo márùn-ún ni òun yóò máa lọ.

Kí ẹ tó jókòó jíròrò, ẹ rí i pé ọmọ yín mọ nọ́ńbà fóònù yín lórí, kì í ṣe inú fóònù nìkan. Ẹ sọ fún olùkọ́ rẹ̀ ẹni tí ó lè wá mú un àti ẹni tí kò lè wá. Ẹ sì fi nọ́ńbà pàjáwìrì ìpínlẹ̀ Èkó, 767 tàbí 112, há a létí.

Fún ìjíròrò: Kí ẹnìkan ka ẹsẹ 29 sí 31 sókè. Kí ni ọ̀pá tí àwa ń fi ránṣẹ́ sí ọmọ wa dípò ara wa? Ìgbà wo ni a gbọ́ ohun tí ń ba ọmọ wa lẹ́rù kẹ́yìn, láti ẹnu rẹ̀, tí a sì ń wo ojú rẹ̀? Àwọn ìyá wo ní òpópónà wa ni kì í délé kí ilẹ̀ tó ṣú, ta ni nínú wa sì ń wà nílé ní agogo mẹ́rin? Kí akọ̀wé kọ orúkọ wọn sílẹ̀ kí ìpàdé tó túká.