Bí a ti ń Jẹ́rìí Kristi fún Ọ̀rẹ́ tí Kò Tíì Gbàgbọ́

Ẹ̀kọ́ fún àwọn ọ̀dọ́ tí ń múra fún ìrìbọmi

Ẹ kọ́kọ́ ka: Ìhìnrere Jòhánù, orí 1, ẹsẹ 35 sí 51, Ìwé Kìíní Pétérù, orí 3, ẹsẹ 15 àti 16.



Láti ìgbà tí ẹ ti fi orúkọ sílẹ̀ fún ẹ̀kọ́ ìrìbọmi, àwọn ẹlẹgbẹ́ yín ní kọ́lẹ́ẹ̀jì ti rí i pé nǹkan kan yí padà lára yín. Nígbà tí wọ́n bá ń lọ gbá bọ́ọ̀lù, ẹ̀yin a gba ọ̀nà ilé ìjọsìn lọ. Àwọn kan a máa fi yín ṣe ẹ̀fẹ̀, àwọn mìíràn a kàn máa wò yín. Ṣùgbọ́n ọjọ́ kan ń bọ̀ tí ọ̀kan nínú wọn yóò fà yín sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, tí yóò sì bi yín léèrè tọkàntọkàn pé: «Kí ni o rí níbẹ̀?» Ẹ̀kọ́ wa ti òní ni láti ràn yín lọ́wọ́, kí ẹ lè dá a lóhùn láìbẹ̀rù àti láìgbéraga.

Ní ilẹ̀ wa níhìn-ín, láti Kétu dé Ṣábẹ̀ẹ́, láti Àjàṣẹ́ dé Atakpame ní Tógò, agbo ilé kan náà ni ọmọ Ìjọ, Mùsùlùmí àti ẹni tí ń bọ òrìṣà ti ń jẹ, tí wọ́n ti ń mu. Nítorí náà ẹni tí kò gbàgbọ́ kì í ṣe àjèjì sí yín. Òun ni ẹ jọ ń mu gàrí nínú abọ́ kan, òun ni ẹ jọ ń ti ọ̀nà ilé ẹ̀kọ́ bọ̀. Bí ẹ bá fi ìgbàgbọ́ yín pa mọ́ fún un, ẹ fi ohun tí ó dára jù lọ nínú ayé yín dù ú. Bí ẹ bá sì fi ìgbàgbọ́ náà nà án bí ẹni fi pàṣán na ọmọ, ẹ lè pàdánù rẹ̀ pátápátá.

1. Ọ̀rẹ́ ni ó mú ọ̀rẹ́ wá

Ẹ wo ohun tí Ìhìnrere sọ fún wa. Ańdérù lo ìyókù ọjọ́ kan lọ́dọ̀ Jésù. Lẹ́yìn èyí ó wá Símónì arákùnrin rẹ̀ kàn, ó sì mú un tọ Olúwa wá. Fílípì náà wá Nàtàníẹ́lì kàn. Nàtàníẹ́lì kọ́kọ́ fi ìlú Násárẹ́tì ṣe yẹ̀yẹ́, ó ní ǹjẹ́ ohun rere kan lè ti ibẹ̀ jáde? Fílípì kò bá a jà, kò sì bẹ̀rẹ̀ àríyànjiyàn. Ó kàn pè é pé kí ó wá fi ojú ara rẹ̀ rí i.

A rí nǹkan mẹ́ta kọ́ níbẹ̀. Èkíní, wọ́n kọ́kọ́ bá Jésù gbé kí wọ́n tó sọ̀rọ̀ rẹ̀. Èkejì, ẹni tí wọ́n mọ̀ ni wọ́n tọ̀ lọ. Ẹ̀kẹta, wọ́n mú ọ̀rẹ́ wọn dé ọ̀dọ̀ Jésù, wọ́n sì fi ìyókù sílẹ̀ fún Jésù fúnra rẹ̀.

Bóyá ẹnìkan nínú yín yóò sọ pé: «Èmi tí n kò tíì ṣe ìrìbọmi, kí ni mo mọ̀?» Ẹ rántí pé ọjọ́ kan péré ni Ańdérù lò. Bákan náà, ìwé Ad Gentes tí Àpérò Vatikani Kejì gbé jáde ní 1965 (nọ́ńbà 14) kọ́ wa pé ó yẹ kí àwọn tí ń múra fún ìrìbọmi pàápàá kọ́ láti máa fi ìwà àti ẹnu wọn ṣe iṣẹ́ ìtànkálẹ̀ Ìhìnrere. Iṣẹ́ yìí ti di tiyín.

2. Ìwà yín ni ìwé tí wọ́n kọ́kọ́ ń kà

Àwọn àgbà ní: «Ẹni tí ó bá ní òun yóò dá aṣọ fún ọ, ti ọrùn rẹ̀ ni kí o kọ́kọ́ wò.» Ọ̀rẹ́ yín kò tíì ṣí Bíbélì rí, ṣùgbọ́n ó ń wo ti ọrùn yín lójoojúmọ́. Bí ẹ bá ń jí ìdáhùn wò nínú ìdánwò, bí ẹ bá yá owó tí ẹ kò san án padà, bí ẹ bá ń bá wọn fi ọmọbìnrin tí kò ní olùgbèjà ṣe ẹlẹ́yà, ọ̀rọ̀ Jésù tí ẹ bá sọ lọ́jọ́ kejì yóò dà bí omi tí a dà sẹ́yìn pẹ́pẹ́yẹ. Póòpù Pọ́ọ̀lù Kẹfà sọ èyí nínú ìwé rẹ̀ Evangelii Nuntiandi ní 1975: ẹlẹ́rìí ni àwọn ènìyàn ìsinsìnyí fẹ́ràn láti gbọ́ ju olùkọ́ lọ.

Ẹ gbọ́ nípa ọ̀dọ́ kan bí ẹ̀yin. Carlo Acutis gbé ní ìlú Milano ní Ítálì. Ọkùnrin kan tí ó jẹ́ ẹlẹ́sìn Híńdù, tí ó wá láti erékùṣù Mọ̀ríṣọ́ọ̀sì, ń ṣiṣẹ́ nínú ilé wọn. Ọmọ yìí ń lọ sí Mísà lójoojúmọ́, ó ń bá ọkùnrin náà lò bí ọ̀rẹ́, ó sì ń fi ayọ̀ sọ̀rọ̀ Jésù fún un. Nígbẹ̀yìn, ọkùnrin náà fúnra rẹ̀ ni ó béèrè fún ìrìbọmi. Carlo kú ní ọjọ́ 12 oṣù kẹwàá 2006, ní ọmọ ọdún 15. Ní ọjọ́ 7 oṣù kẹsàn-án 2025, Póòpù Leo Kẹrìnlá kà á mọ́ àwọn Ẹni Mímọ́.

3. Ẹ má ṣe kẹ́gàn, ẹ má sì ṣe fi ipá mú ẹnikẹ́ni

Pétérù Àpọ́sítélì gba àwọn Kristẹni ìgbà rẹ̀ níyànjú pé kí wọ́n múra tán láti dá ẹni tí ó bá béèrè ìrètí wọn lóhùn, ṣùgbọ́n kí wọ́n ṣe é pẹ̀lú ìwà tútù àti ọ̀wọ̀. Àwọn baba wa náà mọ̀ ọ́n: ọ̀rọ̀ rere ní í yọ obì lápò, ọ̀rọ̀ búburú ní í yọ ọfà lápó. Ẹni tí ó bá bú ojúbọ ìyá ọ̀rẹ́ rẹ̀, ìyá ọ̀rẹ́ rẹ̀ ni ó bú. Ta ni yóò gbọ́ Ìhìnrere lẹ́yìn èébú?

Ìjọ kọ̀ pé kí a fi ipá tàbí ẹ̀tàn fa ẹnikẹ́ni wá sínú ìgbàgbọ́ (Ad Gentes, nọ́ńbà 13). Nítorí náà ẹ má ṣe ṣèlérí fún ọ̀rẹ́ yín pé bí ó bá bá yín lọ sí ilé ìjọsìn, yóò yege ìdánwò rẹ̀. Ẹ rántí pẹ̀lú pé ní ọjọ́ 4 oṣù kejì 1993, ní Kútọnu, Póòpù Jòhánù Pọ́ọ̀lù Kejì bá àwọn aṣáájú ẹ̀sìn Vodun pàdé. Ó fi ọ̀wọ̀ bá wọn sọ̀rọ̀, kò sì fi Kristi pa mọ́.

Ṣùgbọ́n ọ̀wọ̀ yàtọ̀ sí àdàlù. Bí wọ́n bá pè yín sí ọdún ìdílé ọ̀rẹ́ yín, ẹ kí àwọn àgbà bí ó ti yẹ, ẹ bá wọn pọn omi, ẹ bá wọn gbé àga. Àmọ́ ẹ má ṣe bá wọn rú ẹbọ, ẹ má sì bá wọn dífá. Ẹ sọ èyí fún ọ̀rẹ́ yín ní kọ̀rọ̀ kí ọjọ́ náà tó pé, kí ojú má baà tì í níwájú àwọn ènìyàn rẹ̀. Níbi tí ẹ bá ti ń ṣiyèméjì, ẹ kọ́kọ́ bi olùkọ́ yín.

4. Nígbà tí ìbéèrè bá dé ibi tí ó ń dunni

Ọ̀rẹ́ yín lè sọ pé: «Bàbá mi ti kú, kò sì ṣe ìrìbọmi. Ṣé inú iná ni ó wà?» Ẹ ṣọ́ra gidigidi níhìn-ín. Ẹni tí ó bá dáhùn pé bẹ́ẹ̀ ni, ó gba ipò Ọlọ́run, ó sì sọ ohun tí Ìjọ kò sọ. Ẹni tí ó bá sì yára dáhùn pé kò sí ìyàtọ̀, pé ọgbọọgba ni gbogbo ẹ̀sìn, kò sọ òtítọ́ fún ọ̀rẹ́ rẹ̀.

Ohun tí Ìjọ kọ́ wa wà nínú ìwé Lumen Gentium ti 1964, nọ́ńbà 16. Ẹni tí kò mọ Ìhìnrere Kristi, tí kì í sì í ṣe ẹ̀bi rẹ̀, ṣùgbọ́n tí ó ń fi òtítọ́ ọkàn wá Ọlọ́run, tí ó sì ń tẹ̀ lé ohun tí ẹ̀rí-ọkàn rẹ̀ fi hàn án, pẹ̀lú ìrànlọ́wọ́ oore-ọ̀fẹ́ Ọlọ́run, lè rí ìgbàlà. Ẹ sọ fún ọ̀rẹ́ yín pé Ọlọ́run nìkan ni ó mọ ọkàn bàbá rẹ̀, pé Ọlọ́run náà sì fẹ́ràn bàbá yìí ju bí òun ọmọ rẹ̀ ti fẹ́ràn rẹ̀ lọ. Lẹ́yìn náà kí ẹ dákẹ́, kí ẹ jókòó tì í. Ìdákẹ́jẹ́ẹ́ náà jẹ́ ẹ̀rí.

Bí ó bá tún béèrè pé: «Kí ni ìrìbọmi wà fún nígbà náà?», ẹ lè fi òwe yìí dá a lóhùn. Nígbà ẹ̀rùn, Ọlọ́run lè dá ẹni tí kò mọ ọ̀nà kànga sí. Ṣùgbọ́n èmi tí mo mọ ọ̀nà kànga ńkọ́? Bí mo bá kọ̀ tí n kò mu nínú rẹ̀, tí n kò sì fi ọ̀nà rẹ̀ han ọ̀rẹ́ mi, kí ni mo fẹ́ wí? Kristi fúnra rẹ̀ ni ó ṣí kànga yìí sílẹ̀ fún gbogbo ènìyàn, òun ni ó sì pàṣẹ pé kí a pe wọ́n wá. Bí ìbéèrè mìíràn bá sì kọjá òye yín, ẹ sọ pé ẹ kò mọ̀ ọ́n, kí ẹ lọ béèrè, kí ẹ sì padà wá.

5. Bí ọ̀rẹ́ yín kò bá gbà ńkọ́?

Ní ààfin Mwanga ọba Bùgáńdà, àwọn ọ̀dọ́kùnrin ìránṣẹ́ ọba ń kọ́ ara wọn ní ẹ̀kọ́ Kristi. Nígbà tí ọba bínú sí wọn ní 1886, Charles Lwanga ṣe ìrìbọmi fún àwọn tí kò tíì gbà á láàárín wọn. Kizito, tí ó tó ọmọ ọdún 14, wà lára wọn. Ní ọjọ́ 3 oṣù kẹfà ọdún náà ni wọ́n sun wọ́n níná ní Namugongo. Ẹni tí ń múra fún ìrìbọmi ni Kizito, bí ẹ̀yin.

Bóyá ẹ̀fẹ̀ lásán ni àgbélébùú tiyín, tàbí kí ọ̀rẹ́ kan yẹra fún yín. Ẹ fara dà á. Bí ọ̀rẹ́ yín kò bá sì gbàgbọ́ títí, ẹ má ṣe já a sílẹ̀. Ọ̀rẹ́ kì í ṣe ẹja tí a ń fi ìjẹ mú. Ẹ máa bá a ṣe ọ̀rẹ́ nítorí pé Ọlọ́run fẹ́ràn rẹ̀, kí ẹ sì máa dárúkọ rẹ̀ nínú àdúrà. Ẹ̀mí Mímọ́ ni ó ń ṣí ọkàn. Òun ni ó mọ àkókò.

Ìbéèrè

1. Kí ni Fílípì ṣe nígbà tí Nàtàníẹ́lì fi Násárẹ́tì ṣe yẹ̀yẹ́?
2. Kí ni ó wà nínú ìwà mi tí ó lè mú kí ọ̀rẹ́ mi kọ ọ̀rọ̀ mi?
3. Kí ni Ìjọ kọ́ wa nípa ẹni tí kò mọ Kristi láìjẹ́ ẹ̀bi rẹ̀?

Iṣẹ́ ọ̀sẹ̀ yìí: Ẹ yan ọ̀rẹ́ kan. Ẹ gbàdúrà fún un ní alaalẹ́, kí ẹ sì ṣe oore kan fún un láìsọ fún ẹnikẹ́ni.

Àdúrà: Olúwa Jésù, ìwọ ni ó kọ́kọ́ pè mí ní ọ̀rẹ́. Fún mi ní ẹnu tí kì í ṣe ojo àti ọkàn tí kì í kẹ́gàn. Rántí ọ̀rẹ́ mi tí mo dárúkọ níwájú rẹ. Àmín.