Àkànní, Díílà Kì í Ṣe Ìbátan Rẹ

Àkànní, fi fóònù yẹn sílẹ̀ ná kí o gbọ́ mi. Ìyàwó rẹ ti ròyìn fún mi. Ó ní ẹ ti lọ wo Toyota àlòkù kan lọ́dọ̀ díílà, wọ́n gbé kọfí fún yín, wọ́n fi yín jókòó sórí àga aláwọ, o sì ti ń wá bírò tí o máa fi fọwọ́ síwèé àwìn. Mo bi í pé kí ló wà nínú ìwé ọ̀hún, ó ní ẹ kò tíì kà á. Háà! Ìwọ tí ìyá rẹ ta aṣọ rán lọ sí yunifásítì! Má bá ìyàwó rẹ jà o. Ìfẹ́ tó ní sí ọ ló jẹ́ kó pè mí, ìfẹ́ náà ni èmi fi ń pariwo.

O ní díílà gidi ni, pé orúkọ Toyota gàdàgbà lójú ilé, pé irú wọn kì í rẹ́ni jẹ. Ta ló sọ bẹ́ẹ̀ fún ọ? Lọ́pọ̀ ìgbà, ilé iṣẹ́ tó ṣe ọkọ̀ kọ́ ló ni ilé ìtajà yẹn. Oníṣòwò mìíràn ló gba àṣẹ láti máa lo orúkọ náà. Owó tirẹ̀ ló fi ń ná, èrè tirẹ̀ ló sì ń wá. N kò bú u, ọjà títà kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀. Àmọ́ nílé, ta ló ń lọ ra tòkunbọ̀ ní Berger l'Ékòó láìmú mẹkáníìkì dání? Ìwọ gan-an a máa dọ̀bálẹ̀ yẹ abẹ́ ọkọ̀ wò. O wá dé Lọ́ńdọ̀nù, o rí ilé onígíláàsì àti ọmọkùnrin tó de táì, o ní ọ̀rọ̀ ti bùṣe.

Ilé ẹjọ́ pàápàá ti sọ̀rọ̀ lórí irú àwọn díílà yìí. Ní ọjọ́ 1 oṣù kẹjọ ọdún 2025, Ilé Ẹjọ́ tó ga jùlọ nílẹ̀ yìí dá ẹjọ́ àwọn mẹ́ta kan tó ra ọkọ̀ láwìn, tí díílà tó bá wọn wá owó yá sì gba kọmíṣàn tí wọn kò mọ̀ dáadáa nípa rẹ̀. Àwọn adájọ́ ní bí díílà ṣe ń bá ọ wá owó, òfin kò dè é pé kí ó fi ire tìrẹ ṣáájú ire tara rẹ̀. Ṣé o gbọ́? Ẹnì kan nínú àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta jàre ṣá, nítorí kọmíṣàn tí díílà gbà lórí rẹ̀ jẹ́ £1,650.95, èyí tó ju ìdajì gbogbo èlé àti owó mìíràn tó gun orí àwìn náà. Àkànní, owó tó tó báyìí ń kọjá níwájú rẹ̀, kò rí i.

Kí ọdún 2021 tó dé, ó burú jù báyìí lọ. Ọ̀pọ̀ díílà ló láǹfààní láti fọwọ́ ara wọn gbé èlé rẹ sókè. Bí wọ́n bá ṣe gbé e tó ni kọmíṣàn wọn ṣe ń pọ̀ tó. Ọjọ́ 28 oṣù kìíní ọdún náà ni FCA, àjọ tó ń mójú tó àwọn ilé iṣẹ́ ìnáwó nílẹ̀ yìí, fòfin dè é. Kì í ṣe àwọn tó ń ta ọkọ̀ lẹ́bàá ọ̀nà nìkan ló ń ṣe é o. Nínú àwọn ilé onígíláàsì yẹn náà ni.

Wọ́n á tún fi ìnṣọ́ránsì kan tí wọ́n ń pè ní GAP lọ̀ ọ́, pé bí ọkọ̀ bá bàjẹ́ kọjá àtúnṣe, òun ni yóò dí àlàfo owó tó bá ṣẹ́kù. Ní ọdún 2024, FCA yẹ̀ ẹ́ wò, wọ́n rí i pé nínú £100 tí àwọn ènìyàn san, £6 péré ló padà sọ́wọ́ àwọn tó béèrè ẹ̀tọ́ wọn. Àwọn ilé iṣẹ́ ìnṣọ́ránsì kan sì wà nígbà náà tó ń san tó £70 nínú £100 fún àwọn tó ń bá wọn tà á. Òfin ní díílà kò gbọdọ̀ tà á fún ọ lọ́jọ́ kan náà tó kọ́kọ́ ṣàlàyé rẹ̀ fún ọ. Tí wọ́n bá ní kí o fọwọ́ sí i lójú ẹsẹ̀, dìde, mú ìyàwó rẹ, ẹ máa lọ sílé.

Ohun tí mo fẹ́ kí o gbẹ́kẹ̀ lé ni òfin. Òfin ẹ̀tọ́ oníbàárà ti ọdún 2015 fún ọ ní ọjọ́ 30: bí àbùkù bá hàn lára ọkọ̀ tí oníṣòwò tà fún ọ, dá a padà kí o gba owó rẹ. Lẹ́yìn ọjọ́ 30, ẹ̀ẹ̀kan ni wọ́n láǹfààní láti tún un ṣe. Bí kò bá ṣe é ṣe, o lè kọ̀ ọ́, bó tilẹ̀ jẹ́ pé wọ́n lè yọ díẹ̀ nínú owó rẹ fún lílò tí o ti lò ó. Láàárín oṣù mẹ́fà àkọ́kọ́, àwọn ló máa fi hàn pé àbùkù náà kò sí lára rẹ̀ nígbà tí wọ́n tà á. Òfin yìí kò bìkítà bí ilé náà ṣe tóbi tó. Kí o tó sún mọ́ ìwé kankan, tẹ nọ́ńbà ọkọ̀ náà sórí ìkànnì ìjọba kí o wo ìtàn MOT rẹ̀, ìyẹn àyẹ̀wò ọdọọdún tí òfin ní kí ọkọ̀ máa ṣe, láti ìgbà tó ti pé ọdún mẹ́ta: máìlì tó ti rìn, ohun tí wọ́n kìlọ̀ nípa rẹ̀, gbogbo rẹ̀ pátá. Ọ̀fẹ́ ni.

Ó ku ti sáfíìsì, ibẹ̀ gan-an ló ń dùn mí. Díílà kan wà tí n kò ní dárúkọ. Mo gbé ọkọ̀ lọ fún ọ́ìlì nìkan, wọ́n pè mí lórí fóònù pé páàdì bíréèkì iwájú ti tán, pé ewu ni kí n máa wà á lọ sílé. Ewu! Ìyá àgbà ni wọ́n ń bá sọ̀rọ̀, wọ́n mọ̀ pé ẹ̀rù á bà mí. Mo ní kí wọ́n wọn páàdì náà kí wọ́n kọ nọ́ńbà rẹ̀ sínú ìwé. Ohùn bá rẹlẹ̀. Mo gba kọ́kọ́rọ́ mi, mo wà á lọ sọ́dọ̀ mẹkáníìkì mi lábẹ́ afárá rélùwéè ní Peckham, ó tú táyà, ó pè mí wá wò ó: mílímítà mẹ́fà ló ṣẹ́kù, bẹ́ẹ̀ mílímítà mẹ́ta ni ọ̀pọ̀ mẹkáníìkì ti máa ń ní kí a pààrọ̀ rẹ̀. Nítorí náà, nọ́ńbà ni kí o máa béèrè, kì í ṣe àwọ̀ pupa tí wọ́n kùn sórí fọ́ọ̀mù. Kí wọ́n sì kó ògbólógbòó tí wọ́n bá yọ wá kí o fojú rí i.

Má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi wáráńtì dẹ́rù bà ọ́. Ìlànà ìdíje tó wà nílẹ̀ láti ọdún 2023 kò fẹ́ kí ilé iṣẹ́ ọkọ̀ so wáráńtì mọ́ pé ọ̀dọ̀ díílà wọn nìkan ni kí o ti ṣe sáfíìsì. Kí mẹkáníìkì rẹ tẹ̀ lé àkókò tí ilé iṣẹ́ là kalẹ̀, kí ó lo ọ́ìlì àti ẹ̀yà tó dọ́gba pẹ̀lú tiwọn, kí ìwọ sì tọ́jú rìsíìtì.

Síbẹ̀, n kò ní parọ́ mọ́ wọn. Ti Toyota tìrẹ yìí, ọ̀dọ̀ díílà ni kí o ti máa ṣe sáfíìsì rẹ̀. Nílẹ̀ yìí, bí wáráńtì àkọ́kọ́ bá parí, sáfíìsì kọ̀ọ̀kan tí o bá ṣe lọ́dọ̀ díílà wọn máa ń fún ọ ní wáráńtì oṣù 12 tàbí 10,000 máìlì sí i, títí ọkọ̀ á fi pé ọdún 10 tàbí 100,000 máìlì. Èrè tó ṣe é fọwọ́ kàn nìyẹn, inú ìwé ló wà. Bákan náà ni ti ọkọ̀ tí ilé iṣẹ́ bá pè padà. Ní oṣù kẹfà ọdún 2025, wọ́n ní kí àwọn tó ni nǹkan bí 120,000 Citroën C3 àti DS3 nílẹ̀ yìí má wà á mọ́ títí wọ́n á fi pààrọ̀ airbag tí ilé iṣẹ́ Takata ṣe tó wà nínú rẹ̀. Ọ̀dọ̀ àwọn díílà ni iṣẹ́ náà wà, ọ̀fẹ́ sì ni. Mẹkáníìkì mi tí mo fẹ́ràn bí ọmọ kò lè ṣe ìyẹn.

Pe díílà tí ẹ lọ bá yẹn lónìí. Ní kí wọ́n fi ìwé àdéhùn owó náà ránṣẹ́ sí ọ: iye èlé, iye kọmíṣàn tí wọ́n máa gbà, àti àpapọ̀ owó tí o máa san títí tí yóò fi tán. Béèrè lọ́wọ́ báńkì rẹ náà kí o fi wéra. Bí wọ́n bá kọ̀ láti fi ránṣẹ́, fi ọkọ̀ wọn sílẹ̀ fún wọn. Díílà Toyota mìíràn pọ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù.