Yíyan Táyà fún Ọkọ̀ Fọ́ọ̀-Wíìlì ní Ilẹ̀ Kàbà

Ọkọ̀ fọ́ọ̀-wíìlì ni ọkọ̀ tí agbára ẹ́ńjìnnì ń dé ẹsẹ̀ rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Nínú ọ̀pọ̀ mọ́tò, ẹsẹ̀ méjì péré ni ẹ́ńjìnnì ń yí. Méjì yòókù kàn ń tẹ̀ lé wọn ni. Ní ilẹ̀ Okun ní Ìpínlẹ̀ Kogí, níbi tí Kàbà wà, irú ọkọ̀ yìí kì í ṣe ọkọ̀ fáàrí. Ilẹ̀ olókè ni agbègbè Kàbà, ilẹ̀ pupa ló sì pọ̀ níbẹ̀. Láti nǹkan bí oṣù kẹrin títí dé oṣù kẹwàá tí òjò ń rọ̀, ọ̀nà oko tí kò lọ́dà, pàápàá lápá Bùnú, a máa di ẹrọ̀fọ̀. Ẹni tó ń kó iṣu, ẹ̀gẹ́ tàbí kajú jáde lákòókò náà mọ oore tí ọkọ̀ fọ́ọ̀-wíìlì bíi Hilux ń ṣe fún un.

Síbẹ̀, ohun kan ṣoṣo ni fọ́ọ̀-wíìlì mọ̀ ọ́n ṣe: ó ń ti ọkọ̀ lọ síwájú. Kò ràn án lọ́wọ́ láti dúró. Bí awakọ̀ bá tẹ bíréékì ní gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ tí òjò ti rin, ọkọ̀ fọ́ọ̀-wíìlì àti èyí tí kì í ṣe fọ́ọ̀-wíìlì di ẹgbẹ́ kan náà. Ibi tí táyà bá ti di ilẹ̀ mú ni ọkọ̀ yóò dúró sí. Ojú ibi tí táyà kọ̀ọ̀kan fi ń kan ilẹ̀ kò sì fẹ̀ ju àtẹ́lẹwọ́ àgbàlagbà lọ púpọ̀. Lórí ibi kékeré mẹ́rin yẹn ni ẹ̀mí gbogbo ẹni tó wà nínú ọkọ̀ gbé kalẹ̀.

Oríṣi fọ́ọ̀-wíìlì ju ẹyọ kan lọ. Nínú Hilux, awakọ̀ ló ń fọwọ́ ara rẹ̀ gbé ọkọ̀ sí fọ́ọ̀-wíìlì nígbà tí ọ̀nà bá burú, ó sì gbọ́dọ̀ yọ ọ́ kúrò bó bá ti gun ọ̀dà gbígbẹ. Nínú ọ̀pọ̀ Subaru, ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ni ẹ́ńjìnnì ń yí nígbà gbogbo. Nínú ọ̀pọ̀ CR-V àti RAV4 tó jẹ́ fọ́ọ̀-wíìlì, ẹsẹ̀ iwájú ló ń ṣiṣẹ́. Bí wọ́n bá yọ̀, ọkọ̀ fúnra rẹ̀ á fún ẹ̀yìn lágbára. Ẹni tó ra tòkunbọ̀ Amẹ́ríkà tàbí Kánádà lè ní irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ láìmọ̀, torí pé yìnyín ìlú ọ̀hún ló jẹ́ kí ọ̀pọ̀ ènìyàn níbẹ̀ máa ra fọ́ọ̀-wíìlì. Lẹ́tà AWD tàbí 4WD sábà máa ń wà lára búùtù. Bí wọ́n bá ti yọ ọ́ nígbà tí wọ́n ń kun ọkọ̀ náà, kí mẹkáníìkì wo abẹ́ RAV4 tàbí CR-V náà láti ẹ̀yìn. Bí ọ̀pá irin gígùn kan bá ti iwájú wá, tó sì wọnú igbá irin kan tó wà láàárín ẹsẹ̀ ẹ̀yìn méjèèjì, fọ́ọ̀-wíìlì ni.

Ó yẹ kí onímọ́tò mọ èyí kó tó lọ ra táyà, nítorí pé táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ọkọ̀ fọ́ọ̀-wíìlì gbọ́dọ̀ dọ́gba. Nọ́ńbà kan náà ni kí wọ́n jẹ́, oríṣi kan náà, kí ojú wọn sì jẹ dé ìwọ̀n kan náà. Ìṣirò kékeré kan lè la èyí yé ènìyàn. Táyà 225/65R17, tó wà lẹ́sẹ̀ ọ̀pọ̀ RAV4 àti CR-V, ga tó nǹkan bíi mílímítà 724 bó bá jẹ́ tuntun. Yóò yí nǹkan bí ìgbà 439 kó tó rin kìlómítà kan. Bí ojú rẹ̀ bá ti jẹ, tí jíjìn ihò ojú rẹ̀ wálẹ̀ láti mílímítà 8 sí 3, gíga rẹ̀ ti dín ní mílímítà 10. Yóò wá yí nǹkan bí ìgbà 445 lórí kìlómítà kan náà. Mẹ́fà péré ni ìyàtọ̀ náà, àmọ́ bí ọkọ̀ bá fi máa rin kìlómítà 80, ó ti lé ní 480.

Gíà tó ń pín agbára láàárín iwájú àti ẹ̀yìn ló ń ru ìyàtọ̀ yìí. Wọ́n ṣe é kó lè fara da ìyàtọ̀ nígbà tí ọkọ̀ bá ń ya kọ́nà tàbí tí ẹsẹ̀ kan bá ń yọ̀ nínú ẹrọ̀fọ̀. Wọn ò ṣe é kó máa ru ú láti Kàbà dé Ìlọrin. Yóò gbóná, òróró inú rẹ̀ yóò bàjẹ́, irin inú rẹ̀ yóò sì máa jẹra wọn. Iléeṣẹ́ Subaru ò fẹ́ kí ìyípo táyà kan fi ju mílímítà 6 lọ yàtọ̀ sí ti èkejì. Ìyàtọ̀ inú ìṣirò òkè yìí sì ti tó mílímítà 31. Owó tí wọ́n fi ń tún irú gíà bẹ́ẹ̀ ṣe lè ju owó táyà mẹ́rin lọ. Ìdí nìyí tí táyà mẹ́rin tuntun tí orúkọ wọn kò fi bẹ́ẹ̀ lókìkí fi sàn fún ọkọ̀ yìí ju táyà olówó ńlá méjì lọ, tí méjì tó ti jẹ wá wà lẹ́yìn. Hilux tí a kò gbé sí fọ́ọ̀-wíìlì kò ní ìṣòro yìí tó bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n bó bá ti dénú ẹrọ̀fọ̀, ọ̀rọ̀ náà kàn án.

Kì í ṣe ohun èlò olówó gọbọi ni a fi ń wọn ojú táyà. Igi ìṣáná kan àti rúlà ọmọléèwé tó. A ó ti igi ìṣáná náà bọ inú ihò gígùn tó wà láàárín ojú táyà títí yóò fi kan ìsàlẹ̀, a ó fi èékánná sàmì síbi tó bá ojú táyà dọ́gba, a ó sì fi rúlà wọ̀n ọ́n. Ó dára kí a wọn etí òsì, àárín àti etí ọ̀tún, torí pé táyà mìíràn máa ń jẹ lápá kan. Mílímítà 1.6 ni òfin ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè fi ṣe ìpẹ̀kun. Ní àsìkò òjò, ìyẹn ti kéré jù. Bí ihò kò bá ti tó mílímítà 3 mọ́, kò lè gbé omi kúrò lábẹ́ táyà kíákíá, ọkọ̀ á sì léfòó lórí omi bí eré bá pọ̀.

Lọ́dọ̀ àwọn tó ń ta táyà tòkunbọ̀ ni ewu kan wà tí ojú kì í tètè rí. Òfin Nàìjíríà ti ka kíkó táyà mọ́tò àlòkù wọlé láti òkèèrè léèwọ̀, síbẹ̀ òkìtì rẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì káàkiri. Lára wọn ni táyà ìgbà òtútù wà. Ní Jámánì àti Austria, àwọn onímọ́tò sábà máa ń ní oríṣi táyà méjì: ọ̀kan fún ìgbà ooru, ọ̀kan fún ìgbà yìnyín. Òfin Austria sọ pé táyà ìgbà yìnyín tí ihò rẹ̀ kò bá tó mílímítà 4 kì í ṣe táyà yìnyín mọ́, nítorí náà ẹni tó ni ín á pa á tì. Mílímítà 4 yẹn kò burú lójú oníbàárà ní Kàbà. Ojú táyà ọ̀hún ṣì nípọn, eyín rẹ̀ ṣì pé, ọjà ire ni lójú ẹni tó ń wò ó.

Rọ́bà rẹ̀ ni kì í ṣe ti ilẹ̀ yìí. Wọ́n pò ó kó lè máa rọ̀ nígbà tí òtútù bá mú kí ojú ọjọ́ wálẹ̀ sí abẹ́ 7 lórí òṣùwọ̀n Celsius, torí pé rọ́bà lásán máa ń le gbagidi nínú irú òtútù bẹ́ẹ̀, tí kì í sì í di ilẹ̀ mú. Ní Kàbà, ooru ọ̀sán oṣù kejì àti oṣù kẹta lè kọjá 35, ọ̀dà ojú títì sì gbóná jù bẹ́ẹ̀ lọ. Táyà yìnyín tó bá gun irú ọ̀dà bẹ́ẹ̀ rọ̀ ju bó ti yẹ lọ. Yóò máa mì lábẹ́ ọkọ̀ ní kọ́nà, yóò tètè jẹ tán, ọkọ̀ yóò sì rìn jìnnà kó tó dúró bí a bá tẹ bíréékì.

Àmì rẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ táyà. Òkè kékeré olórí mẹ́ta ni wọ́n yà síbẹ̀, ìràwọ̀ yìnyín ẹlẹ́ka mẹ́fà sì wà nínú rẹ̀. Ọ̀rọ̀ bíi Winter, Snow, Alpin tàbí Blizzak lè wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Ojú táyà náà fúnra rẹ̀ ń sọ̀rọ̀: lórí eyín kọ̀ọ̀kan ni ìlà tín-ín-rín pọ̀ sí, bí ẹni pé wọ́n fi abẹ fín in. Lẹ́tà M+S nìkan kò tó láti dá táyà lẹ́bi, nítorí ó wà lára ọ̀pọ̀ táyà tí wọ́n ń lò yí ọdún po àti táyà ọ̀nà ẹrọ̀fọ̀. Àwọn táyà ẹrọ̀fọ̀ kan tilẹ̀ ní àmì òkè olórí mẹ́ta náà. Níbi tí àmì òkè bá ti bá ìlà tín-ín-rín pàdé ni kí a ti fi táyà sílẹ̀. Ìrànlọ́wọ́ mìíràn wà lára táyà tí wọ́n ṣe fún ọjà Amẹ́ríkà: ọ̀rọ̀ náà TEMPERATURE, pẹ̀lú A, B tàbí C níwájú rẹ̀. A ló ń fara da ooru jù. Òfin Amẹ́ríkà kò béèrè àmì yìí lára táyà yìnyín.

Ọjọ́ orí táyà ṣe pàtàkì tó ojú rẹ̀, ó tilẹ̀ jù ú lọ nínú ooru. Lẹ́yìn lẹ́tà DOT, nọ́ńbà mẹ́rin tó gbẹ̀yìn ló ń sọ ọ́: 0822 túmọ̀ sí ọ̀sẹ̀ kẹjọ ọdún 2022. Bí nọ́ńbà náà kò bá sí lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ẹ̀gbẹ́ kejì ni kí a wò. Ọdún mẹ́rin láti ọjọ́ tí wọ́n ṣe é ni SON, àjọ tó ń rí sí ìjójúlówó ọjà, àti àwọn ẹ̀ṣọ́ ojú pópó FRSC fi ṣe òdiwọ̀n fún táyà ní Nàìjíríà. Táyà tí wọn kò lò rí náà ń gbó, torí pé oòrùn ń gbẹ rọ́bà. Tẹ́lẹ̀ rí, Michelin ń ṣe táyà ní Port Harcourt, Dunlop sì ń ṣe é ní Ìkẹjà. Ọdún 2007 ni ti àkọ́kọ́ kógbá sílé, Dunlop sì dáwọ́ iṣẹ́ dúró ní 2008. Táyà tó ń wọ Kàbà báyìí ti wà lórí omi àti nínú ilé ìkẹ́rùsí kó tó dé ọwọ́ oníbàárà. Ohun tí a ń pè ní tuntun lè ti lo ọdún méjì láìkan títì.

Ìpínlẹ̀ Kogí mọ ohun tí táyà tó bẹ́ lórí eré ń fà. Ní ọjọ́ 6 oṣù kẹta ọdún 2016, James Ocholi, ọmọ Kogí tó jẹ́ mínísítà kejì fún ètò iṣẹ́, kú ní ọ̀nà Kàdúná sí Àbújá, pẹ̀lú ìyàwó rẹ̀ àti ọmọ rẹ̀ ọkùnrin kan. FRSC sọ pé eré àsápajúdé ló mú kí táyà ẹ̀yìn bẹ́.

Oríṣi ojú táyà tó yẹ wà lọ́wọ́ ọ̀nà tí ọkọ̀ ń rìn jù. Láti Obajana wá sí Kàbà, nǹkan bíi kìlómítà 43, ọ̀nà kọnkéré ni. Ọkọ̀ tó ń gba ibẹ̀ lọ Lọ́kọ́jà bọ̀, tàbí tó ń gba Mopà àti Ìsánlú lọ Ìlọrin, táyà H/T ló bá a mu: ojú rẹ̀ tẹ́jú, kì í pariwo, kì í fa epo jù. Ọkọ̀ tó ń wọ oko Bùnú lójoojúmọ́ nílò A/T, tí eyín rẹ̀ tóbi, tí àlàfo àárín eyín náà sì fẹ̀ kí ẹrọ̀fọ̀ lè bọ́ dànù. M/T wà fún ẹrọ̀fọ̀ lásán. Lórí ọ̀dà tútù kì í di ilẹ̀ mú dáadáa, kò sì yẹ ọkọ̀ tó ń kó ọmọ lọ síléèwé.

Nọ́ńbà tó tẹ̀ lé ìwọ̀n táyà kì í ṣe ọ̀ṣọ́. Lára táyà Hilux tí wọ́n kọ 265/65R17 112S sí, 112 ni ẹrù: kílò 1,120 lórí táyà kan. S ni eré: kìlómítà 180 ní wákàtí kan. Ìwé kékeré tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ẹnu ilẹ̀kùn awakọ̀ ló ń sọ ìwọ̀n táyà àti afẹ́fẹ́ tó yẹ ọkọ̀ náà. Ìwọ̀n afẹ́fẹ́ tí wọ́n kọ sára táyà jẹ́ ibi tó lè gbà dé, kì í ṣe ibi tó yẹ kó wà, ṣùgbọ́n ibẹ̀ gan-an ni ọ̀pọ̀ fọ́kánáísà ń fẹ́ ẹ dé. Òwúrọ̀, kí ọkọ̀ tó rìn, ni a ń wọn afẹ́fẹ́, nítorí táyà tó gbóná ń parọ́ fún gáàjì.

Kí táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin lè máa jẹ pọ̀, a ń gbé ti iwájú sẹ́yìn, ti ẹ̀yìn síwájú, ní bíi kìlómítà 8,000 sí 10,000. Bí ọ̀kan bá bẹ́ nígbà tí àwọn yòókù ṣì tuntun, ọ̀kan irú wọn ni kí a rà. Bí wọ́n bá ti jẹ dé àárín, a ó wá àlòkù tí kò tíì gbó, tó jẹ́ oríṣi kan náà, tí igi ìṣáná sì fi hàn pé ó bá wọn dọ́gba. Bí kò bá sí, mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ni kí a pààrọ̀. Táyà sípíà náà yẹ kó jẹ́ ìwọ̀n kan náà pẹ̀lú èyí tó wà lẹ́sẹ̀ ọkọ̀. Sípíà kékeré tó bá tòkunbọ̀ wá kò wà fún ìrìn jíjìn: ibi tí fọ́kánáísà tó sún mọ́ jù bá wà ni ó yẹ kó gbé ọkọ̀ dé, pẹ̀lú eré tí kò ju kìlómítà 80 lọ ní wákàtí kan.