Egungun-Ètò: Yíyá Èyí tí Ó Wà Nílẹ̀ tàbí Dídá Tẹni Ṣe

Férémùwọ́ọ̀kì ni àwọn tí ó ń kọ ètò fún kọ̀ǹpútà ń pè é lẹ́nu iṣẹ́. Ògbufọ̀ lè fẹ́ pè é ní irinṣẹ́, ṣùgbọ́n ìperí náà kò bá a mu. Irinṣẹ́ a máa dúró de oníṣẹ́; oníṣẹ́ ni ó ń pè é sí iṣẹ́. Férémùwọ́ọ̀kì kò rí bẹ́ẹ̀: òun ni ó ń gba ìbéèrè ẹni tí ó ṣí ojú-ìwé lórí íntánẹ́ẹ̀tì, òun náà ni ó sì ń pe apá tí oníṣẹ́ kọ kí ó wá fèsì. Egungun-ètò ni ó yẹ ẹ́, nítorí ara egungun ni ẹran ń lẹ̀ mọ́. (Kí atẹ̀wé kíyè sí àmì ohùn, ọ̀rọ̀ egúngún kọ́ nìyí.)

“Fífúyẹ́” náà ń fẹ́ oríkì. Django, tí ó jáde ní 2005, gbé ibi ìpamọ́ àti ìforúkọsílẹ̀ dání wá. Flask, tí Armin Ronacher gbé jáde ní 2010, fi wọ́n sílẹ̀ fún oníṣẹ́. Ti Bottle tilẹ̀ jẹ́ fáìlì kan ṣoṣo. Ìwọ̀nyí ni egungun-ètò ẹlẹ́rù-díẹ̀. Ti Preact yàtọ̀: nǹkan bí kílóbáìtì 3 ni, orí fóònù òǹkàwé ni ó sì ń sọ̀ sí, owó dátà ni ó ń dín kù. Òun ni kí “fífúyẹ́” jẹ́ tirẹ̀.

Ní Ajah, láàárín ọ̀sà àti òkun, ibi púpọ̀ kò gba ilé láìjẹ́ pé wọ́n kọ́kọ́ da yanrìn sí i. Bí ilé-ẹ̀kọ́ kan níbẹ̀ bá fẹ́ gbé èsì ìdánwò sí íntánẹ́ẹ̀tì, tí oníṣẹ́ rẹ̀ sì pinnu láti dá egungun-ètò tirẹ̀ ṣe, iṣẹ́ ìsàlẹ̀ yẹn ni ó gbà. Òun ni yóò ṣètò òǹtẹ̀ tí kò ní jẹ́ kí akẹ́kọ̀ọ́ pa ìdánimọ̀ rẹ̀ dà di ti ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́. Flask ti ṣe èyí sílẹ̀, ọ̀pọ̀ ojú sì ti yẹ̀ ẹ́ wò. Bí oníṣẹ́ náà bá sì fi iṣẹ́ sílẹ̀, àfi kí arọ́pò rẹ̀ máa méfò ohun tí ó ní lọ́kàn.

Síbẹ̀, ẹni tí ó yá èyí tí ẹrù rẹ̀ kéré kò tíì bọ́. Bí ó ti ń fi ọwọ́ ara rẹ̀ so ibi ìpamọ́ àti ìforúkọsílẹ̀ mọ́ ọn díẹ̀díẹ̀, ó lè dá egungun tirẹ̀ sílẹ̀ láìfura. Ibi tí àwọn ohun wọ̀nyí bá ti di dandan láti ìbẹ̀rẹ̀, Django sàn jù.

Ti kíláàsì yàtọ̀. Àdéhùn WSGI ti 2003 ṣàlàyé bí sáfà àti ètò Python yóò ṣe máa bá ara wọn sọ̀rọ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó bá fi í kọ egungun-ètò kékeré yóò mọ ohun tí Flask ń ṣe lábẹ́lẹ̀. Kí èsì ìdánwò ọmọ ẹnikẹ́ni ṣá má ṣe wà lórí rẹ̀.