Ọ̀jọ̀gbọ́n Adéoyè Lámbò, Oníṣègùn Àrùn Ọpọlọ

Bí a bá ń sọ̀rọ̀ àwọn oníṣègùn ńlá ní kíláàsì, Ibn Sina àti ar-Razi ni a sábà máa ń dárúkọ. Ọmọ kan wá bi mí lọ́jọ́ kan pé: "Álfà, ṣé kò sí irú wọn nílẹ̀ tiwa ni?" Ìdáhùn mi ni mo kọ síbí.

Abẹ́òkúta ni a bí Thomas Adéoyè Lámbò sí ní ọdún 1923. Ó ka ìwé ní Baptist Boys' High School níbẹ̀, ó kọ́ ìṣègùn ní Yunifásítì Birmingham ní ìlú Òyìnbó, lẹ́yìn náà ó kọ́ nípa àrùn ọpọlọ ní Lọ́ńdọ̀nù. Ó wà lára àwọn ọmọ Áfíríkà tí wọ́n kọ́kọ́ kọ́ iṣẹ́ yìí dé ojú àmì.

Ní àkókò náà, kí ni a ń ṣe fún ẹni tí orí rẹ̀ bá dàrú? Ní Láńtòrò, ní Abẹ́òkúta, ọgbà ẹ̀wọ̀n àtijọ́ ni ìjọba sọ di ibùgbé wọn ní 1944. Ilé tí ọ̀daràn jáde, ibẹ̀ ni aláìsàn wọ̀! Bẹ́ẹ̀ sì ni ní Kàírò, láti 1284, ilé ìwòsàn tí Sultan Qalawun kọ́ ti ní ibi tí wọ́n ti ń tọ́jú àwọn alárùn ọpọlọ.

Ní 1954, Lámbò bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ilé ìwòsàn titun ní Àrò. Kò dúró de ìgbà tí ilé yóò parí. Ó lọ bá àwọn ará abúlé tí ó yí ibẹ̀ ká, ó ní kí wọ́n fi yàrá háyà fún àwọn aláìsàn. Òfin kan ni ó ṣe: aláìsàn kò gbọdọ̀ dá wá. Ìyá, ẹ̀gbọ́n tàbí ìbátan kan gbọ́dọ̀ bá a wá, kí ó máa se oúnjẹ fún un, kí ó máa mú un lọ gba ìtọ́jú ní ilé ìwòsàn, kí wọ́n sì jọ padà sí abúlé. Aláìsàn ń ṣe oko, ó ń bá ènìyàn ṣeré, kò di àjèjì sí àwọn ará rẹ̀. Àwọn ará abúlé náà rí owó ilé gbà, ẹ̀rù alárùn ọpọlọ sì kúrò lára wọn.

Ó tún gba àwọn oníṣègùn ìbílẹ̀ láti bá a ṣiṣẹ́. Ọ̀pọ̀ dókítà kọminú sí i. Àwa álfà pàápàá kò lè fọwọ́ sí gbogbo ohun tí àwọn wọ̀nyí ń ṣe, nítorí ẹbọ kì í ṣe tiwa. Ṣùgbọ́n ohun tí Lámbò ń wá lọ́wọ́ wọn yé mi: wọ́n mọ ọ̀rọ̀ tí aláìsàn ń sọ, wọ́n sì mọ ìjà tí ó wà nílé rẹ̀.

Ní 1961, àwọn oníṣègùn ọpọlọ láti ilẹ̀ Áfíríkà pé jọ sí Abẹ́òkúta. Ní 1963 ó di ọ̀jọ̀gbọ́n ní Yunifásítì Ìbàdàn, ó ń kọ́ àwọn dókítà wa, ó sì jẹ́ ọ̀gá àgbà ibẹ̀ láti 1968 sí 1971. Láti 1973 sí 1988, òun ni igbákejì ọ̀gá àgbà Àjọ Ìlera Àgbáyé ní Geneva. Ó kú ní March 2004.

Èmi ni mo jẹ̀bi nínú ìyókù. Ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn, bàbá kan mú ọmọ rẹ̀ wá bá mi, ọmọ kéwú wa ni. Kì í sùn, ó ń dá sọ̀rọ̀. Mo kọ wàláà, mo fọ hàntú fún un mu fún ogójì ọjọ́. N kò sọ pé kí wọ́n lọ rí dókítà. Wọ́n fi okùn so ọmọ náà mọ́ yàrá ẹ̀yìn. Ìyá rẹ̀ ni ó tú u, tí ó gbé e lọ sí ilé ìwòsàn, tí ó sì jókòó tì í níbẹ̀. Ní ọdún kejì, ọmọ náà bá àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe wòlímọ̀. Ó ṣì ń lo oògùn rẹ̀. Ojú ń tì mí nígbàkigbà tí mo bá rí àpá okùn ní ọrùn ọwọ́ rẹ̀.

Òbí tí ó bá rí i pé ọmọ rẹ̀ kò sùn fún ọjọ́ púpọ̀, tàbí pé ó ń gbọ́ ohùn tí ẹlòmíràn kò gbọ́, kí ó wá bá mi lẹ́yìn ìrun àsáárì. A ó ṣe àdúà, èmi náà yóò sì bá a wọ mọ́tò dé ilé ìwòsàn.